Ilẹ̀kùn Ìdánwò: Ìtàn Tó Yẹ Kí Ọmọ Tó Fẹ́ Ka Ìmọ̀ Òye Mọ̀

  

Ní ìpàdé wa tó kọjá, nígbà tí a ti parí ọ̀rọ̀ owó gbọ̀ngàn tí a ń háyà, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ó ti gba oyè àkọ́kọ́. Èmi rò pé ẹ̀kọ́ òfin ló kàn. Ó ní ìmọ̀ òye ni òun fẹ́ kà, títí tí òun yóò fi di ọ̀mọ̀wé. Ṣé wọ́n ń jẹ ìmọ̀ òye ni?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ìdánwò ni." Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wa.

A ṣèlérí fún un lọ́jọ́ náà pé a ó kọ ohun tí a bá mọ̀ sínú ìwé ìròyìn wa yìí. Ìmọ̀ òye ni ẹ̀kọ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní filọ́sọ́fì: ẹ̀kọ́ nípa ohun tó jẹ́ òtítọ́, ohun tó tọ́ láti ṣe, àti bí a ṣe lè mọ èyí tó dájú yàtọ̀ sí èyí tí a kàn gbọ́. Ohun tí a fẹ́ kí ọmọ wa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú lọ́wọ́ ni pé Ọlọ́run kọ́ ló dá ilẹ̀kùn ìdánwò mọ́ ayé. Ènìyàn ló kàn án, ènìyàn náà ló sì ń tún un kàn. Ẹni tó bá mọ ẹni tó kan ilẹ̀kùn, tó sì mọ ìdí tó fi kàn án, kò ní máa gbọ̀n níwájú rẹ̀.

ILẸ̀KÙN ÀWỌN BÀBÁ WA

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún wa. Ní ọdún 1827, àwọn ìjọ CMS dá ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown, ní ilẹ̀ Sierra Leone. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó di 1876, ilé-ẹ̀kọ́ náà so pọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, ọmọ adúláwọ̀ lè jókòó ní Freetown, kí ó kàwé ní ìlànà Durham, kí ó sì gba oyè Durham. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá gba ọ̀nà yìí kọjá, wọ́n di àlùfáà, wọ́n di olùkọ́.

Ọ̀nà kejì gba Lọ́ńdọ̀nù. Láti 1858 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ti gbà kí ẹni tí kò wọ kíláàsì ibẹ̀ rárá wá ṣe ìdánwò oyè rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìwé, tó ní àtùpà, tó sì ní sùúrù, lè wà ní ìlú rẹ̀ kí ó máa kàwé Lọ́ńdọ̀nù. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba ọ̀nà yìí. Ó ti ṣe olùkọ́, ó ti ṣe akọ̀ròyìn, ó ti ṣe òwò ọkọ̀, síbẹ̀ ó ń ka ìwé fúnra rẹ̀ títí ó fi gba oyè nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò ní 1944. Lẹ́yìn èyí ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ òfin. Kódà nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì ṣí sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Ọdún 1962 ni Ìbàdàn tó dá dúró.

Ẹ wò ó dáadáa. Fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹlòmíràn ló ń kan ilẹ̀kùn, àwọn bàbá wa ló ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Wọn kò sọ pé ilẹ̀kùn náà dára tàbí pé kò dára. Wọ́n béèrè ohun tí ìdánwò náà ń fẹ́, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì wọlé. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, wọ́n wá kọ́ ilé tiwọn.

ILẸ̀KÙN TI AMẸ́RÍKÀ

Ìdánwò tó ń ba ọmọ wa lẹ́rù ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí GRE. Kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti wà. Ní 1936 ni Carnegie Foundation àti yunifásítì mẹ́rin, Harvard, Yale, Princeton àti Columbia, bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1937 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ jókòó ṣe é. Ta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà? Àwọn tó ti wọlé tán ni! Ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n wà nínú ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn olùkọ́ fẹ́ mọ ohun tí oríṣiríṣi kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti wá fi kún orí wọn. Òṣùwọ̀n ni GRE nígbà tí wọ́n bí i, kì í ṣe ilẹ̀kùn.

Kí ló wá sọ òṣùwọ̀n di ilẹ̀kùn? Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945. Ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣe òfin ní 1944 pé òun yóò san owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ogun tó bá padà sílé. Àwọn èrò ya wọ yunifásítì, àyè kò sì gbà wọ́n. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò mọ akẹ́kọ̀ọ́ rí, tí kò mọ olùkọ́ rẹ̀, tí kò mọ kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀, ń wá ohun tí yóò fi yan ènìyàn kíákíá. Ní òpin 1947 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ETS sílẹ̀, GRE sì bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1949, ETS gbé apá kan jáde tí kì í béèrè ohun tí ènìyàn kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, bí kò ṣe bó ṣe lè lo ọ̀rọ̀ àti bó ṣe lè lo ìṣirò. Apá yẹn ló di GRE tí gbogbo wa mọ̀.

Ó ku ìtàn kan tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún àwọn ọmọ wa. Ẹ̀gbọ́n ni ìdánwò SAT, tí àwọn ọmọ ń ṣe kí wọ́n tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, jẹ́ fún GRE. Ọdún 1926 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, Carl Brigham ló sì darí iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti kọ ìwé kan ní 1923 tó fi sọ pé ẹ̀yà kan gbọ́n ju ẹ̀yà kejì lọ, ó sì ní ìdánwò ló fi hàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 1930, òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé ohun tí òun sọ kò ní ìpìlẹ̀. Ó jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti rìn jìnnà. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún ọmọ wa pé: bí máàkì rẹ bá kéré, má gbà fún ẹnikẹ́ni pé orí rẹ ni wọ́n wọ̀n. Ohun tí wọ́n wọ̀n ni bí o ṣe dáhùn ìbéèrè kan, ní ọjọ́ kan, láàárín wákàtí díẹ̀.

ÀWA TÍ A ṢE É NÍ ÈKÓ

Lára àwa tí a ń kọ èyí, àwọn kan wà tó ṣe ìdánwò yìí ní Èkó ní àwọn ọdún 1980. Pẹ́ńsù la fi ń kun ojú kékeré inú ìwé ìdáhùn. A há ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí bí ẹni ń há Sáàmù: ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú òdì-kejì rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú òdì-kejì rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí, àní lẹ́nu olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa pàápàá.

Owó wá ni ìdánwò kejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1986, náírà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là kan. Nígbà tí ètò SAP dé lọ́dún náà, tí wọ́n sì ṣí ọjà pàṣípààrọ̀ owó ní oṣù kẹsàn-án, dọ́là kan ti lé ní náírà mẹ́ta kí ọdún tó parí. Dọ́là ni wọ́n ń gba owó ìdánwò, dọ́là ni wọ́n ń gba owó fọ́ọ̀mù. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti tọ́jú owó fọ́ọ̀mù mẹ́fà bá a pé méjì péré ni owó náà tó. Ẹnìkan nínú wa ṣe ìdánwò rẹ̀, ó yege, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ dé ilé-ìwé lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ìwé. Odindi ọdún kan ló fi dúró. Kò dákẹ́ ìwé kíkà nínú ọdún náà, òun ló sì ń rọ àwọn ọmọ wa lónìí pé kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀.

ILẸ̀KÙN NÁÀ TÚN YÍ PADÀ

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀kùn yìí láti ìgbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kọ̀ǹpútà dé, pẹ́ńsù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ní 2002, wọ́n yọ apá tó ń béèrè ọ̀rọ̀ àdììtú kúrò, irú èyí tí yóò ní ẹni mẹ́fà jókòó yí tábìlì ká, ta ló jókòó ti ta. Wọ́n fi àròkọ rọ́pò rẹ̀. Ní 2011, wọ́n yọ òdì-kejì ọ̀rọ̀ kúrò. Gbogbo èyí tí àwa há sórí di ẹrù tí kò ní ọjà mọ́! Máàkì tí ó jẹ́ 200 sí 800 fún apá kọ̀ọ̀kan di 130 sí 170. Ní 2020, nígbà àrùn kòrónà, wọ́n gbà kí ènìyàn ṣe é nílé ara rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, ìdánwò tó ń gba nǹkan bí wákàtí mẹ́rin tẹ́lẹ̀ di wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 58.

Èyí tó tóbi jù nínú ìyípadà náà ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ òye ní Amẹ́ríkà kò béèrè GRE mọ́. Òmíràn ní kí ẹni tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́. Òmíràn ní òun kò fẹ́ rí i rárá. Àwọn díẹ̀ ṣì ń béèrè rẹ̀. Nítorí náà, kí ọmọ tó san owó ìdánwò, tó ti lé ní 200 dọ́là, kí ó kọ́kọ́ kọ orúkọ àwọn ilé-ìwé tó wù ú sílẹ̀, kí ó sì wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́dún tó fẹ́ wọlé. Ẹ̀rù tó ń ba ọmọ wa lè jẹ́ ẹ̀rù ilẹ̀kùn tí wọ́n ti ṣí kalẹ̀.

ÀWỌN TÓ TI ṢÁÁJÚ

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọ yín pé ìmọ̀ òye kì í ṣe tiwa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúbí Ṣódípọ̀ lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Durham kan náà tí àwọn ará Fourah Bay ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Ó padà wá kọ́ni ní Ifẹ̀, ó sì di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún yunifásítì ìpínlẹ̀ Ògùn ní Àgọ́-Ìwòyè. Òun àti ọmọ Amẹ́ríkà kan, Barry Hallen, lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Èkìtì. Ohun tí wọ́n bi wọ́n kò ju èyí lọ: kí ni ìyàtọ̀ láàárín "mo mọ̀" àti "mo gbàgbọ́"? Àwọn oníṣègùn náà ṣàlàyé pé ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ó lè sọ pé òun mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún un, tí ó gbọ́ tí ó sì gbà, ìgbàgbọ́ ni. Ẹ ro ìyẹn wò. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn òyìnbó kà nínú ìwé tí wọ́n sì ń pè ní ìmọ̀, ìgbàgbọ́ ni níwájú àwọn àgbà Èkìtì. Ìwé tí àwọn ọkùnrin méjì yìí kọ jáde ní 1986, àwọn onímọ̀ òye ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù sì kà á.

Ọ̀mọ̀wé Sophie Bọ́sẹ̀dé Olúwọlé, ọmọ Ìgbàrà-Òkè, ni a kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òye ní yunifásítì kan ní Nàìjíríà. Ìbàdàn ló ti gbà á, ní 1984. Ó ti sún mọ́ ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, ó sì kọ ìwé tó fi Ọ̀rúnmìlà àti Socrates sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: ọlọ́gbọ́n méjì tí kò fi ìwé kankan sílẹ̀, tó jẹ́ pé ẹnu àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn la ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ó kú ní 2018.

Àwọn tó wá sí òkè òkun pẹ̀lú kò jókòó lásán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin kọ́ni ní Ifẹ̀, lẹ́yìn náà ní Yunifásítì Howard ní Washington. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1991, ó yẹ ọ̀rọ̀ "ènìyàn" àti "orí" wò bí Yorùbá ṣe ń lò wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfẹ́mi Táíwò gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Toronto, ó sì ti kọ́ni ní Cornell. Ilé ni wọ́n ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ ní gbọ̀ngàn ìpàdé wa, òun ni wọ́n gbé lọ síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.

OHUN TÍ ỌMỌ YÓÒ ṢE NÍSINSÌNYÍ

Èkíní, àròkọ. Ohun tí àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ òye ń wò jù ni àpẹẹrẹ iṣẹ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ojú ìwé 15 sí 20 lọ́pọ̀ ìgbà. Kí ó mú ìbéèrè kan ṣoṣo, kí ó gbé èrò tirẹ̀ kalẹ̀, kí ó sì fi ọ̀wọ̀ gbọ́ ohun tí ẹni tó ta kò ó yóò wí. Àwọn àgbà wa kò ṣèṣẹ̀ mọ èyí: ẹni tó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Kí ó tún un kọ lẹ́ẹ̀kẹta, kí ó tún un kọ lẹ́ẹ̀kẹrin.

Èkejì, lẹ́tà ìjẹ́rìí. Mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń béèrè, láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Kí ó bẹ̀ wọ́n láti oṣù kẹsàn-án, nítorí àárín oṣù kejìlá sí àárín oṣù kìíní ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń ti ìwé.

Ẹ̀kẹta, ìdánwò, bí ilé-ìwé rẹ̀ bá béèrè. Apá mẹ́ta ni: àròkọ kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ àti ìwé kíkà, àti ìṣirò. ETS ní ìdánwò àfidánrawò ọ̀fẹ́. Kí ó ṣe ọ̀kan ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó lè mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ìṣirò ibẹ̀ kò ju ti ilé-ìwé gírámà lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ti fọwọ́ kàn án láti ọdún mẹ́rin ní láti padà sí i díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 21. Èsì náà ń dúró fún ọdún márùn-ún. Kí ó sì mọ èyí kún un: nínú àkọsílẹ̀ tí ETS ń tẹ̀ jáde, àwọn tó fẹ́ ka ìmọ̀ òye wà lára àwọn tó ń gba máàkì tó ga jù nínú ọ̀rọ̀ àti àròkọ. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ gan-an ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, owó. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń dá ẹni tí kò ní lọ́wọ́ sí lórí owó fọ́ọ̀mù bí ó bá béèrè, ETS náà sì ní ètò ìdínkù owó fún ẹni tó bá yẹ. Ẹnu tí kò bá béèrè kì í gbà.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ÒBÍ

A kò ní tan yín. Iṣẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ òye ní yunifásítì kò pọ̀, àwọn tó ń wá a sì pọ̀. Oyè ọ̀mọ̀wé lè gba ọdún márùn-ún, ó lè gba méje. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí a bi ọmọ kì í ṣe "Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?" Ìbéèrè wa ni: "Ta ni yóò san án?" Ilé-ìwé tó dára máa ń dá ọmọ ọ̀mọ̀wé sí lórí owó ẹ̀kọ́, ó sì máa ń fún un ní owó oṣù nítorí pé ó ń ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gbà á báyìí, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Bí wọ́n bá ní kí ó yá owó ńlá fún un, ẹ ní kí ó dúró di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn ilé-ìwé tó pọ̀ ti jọ fohùn ṣọ̀kan pé ọmọ ní àyè títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin láti yan ibi tí yóò gba owó wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé e lére kí ọjọ́ náà tó pé.

Ìyá wa tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ tó bá kọ́ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ lápá méjèèjì kò ní ṣòfò. Bó bá sì yí ọkàn padà sí ẹ̀kọ́ òfin lọ́la, ohun tó ń kọ́ yìí náà ni yóò fi ṣe ìdánwò ibẹ̀.

Ní tiwa, a ti yan ẹni mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ tí yóò máa dúró lẹ́yìn ìpàdé fún wákàtí kan, láti ka àròkọ àwọn ọmọ wa tó ń wá àyè sí ẹ̀kọ́ gíga, ohunkóhun tó wù kí wọ́n fẹ́ kà. Ọmọbìnrin wa ti mú tirẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ lórí "mọ̀" àti "gbàgbọ́" ni. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kà á, ó sì ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibi méjì tí kò gbà pẹ̀lú rẹ̀.